Ìṣẹ́jú Kọkànléláàádọ́rin

Rẹfirí súfèé ìsinmi bí ọkọ̀ ojúurin ṣe ń kọjá lẹ́yìn pápá. Ọkọ̀ náà kò dúró. Kì í dúró ní Òkè-Àràbà. Ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà ní Líìgì Kìíní ló ń dúró sí, tó ń já dókítà àti oògùn àti akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Bó bá dé ìlú Líìgì Kejì, á kàn dẹwọ́ eré díẹ̀ kí àwọn èrò inú rẹ̀ lè yọjú lójú fèrèsé. Ní ti ìlú Líìgì Kẹta, wọ́n ní ńṣe ni àwọn èrò ń ti fèrèsé pa. Ogún ọdún ni Òkè-Àràbà ti ń wo ìdí ọkọ̀ yẹn bó ṣe ń lọ. Lónìí, bí wọ́n bá lè gbá góòlù kan sí i wọlé, ọkọ̀ á dúró.

Ìbídùnní, olùtọ́jú aṣọ ẹgbẹ́ Àràbà, kò gbójú sókè wo ọkọ̀ kankan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà wọlé, ó kó aṣọ ìnura lé apá, ó ń wo nọ́ńbà kẹsàn-án bó ṣe ń bọ̀. Nọ́ńbà kẹsàn-án fi ọwọ́ ọ̀tún fa ṣòkòtò sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó tutọ́ sápá òsì. Ó fi èékánná họ ẹ̀yìn etí, bí ẹni tí kòkòrò jẹ níbẹ̀.

Ládépò gan-an nìyẹn, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Ládépò ti lo ọdún mọ́kànlá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ yìí, Oyèníran ni, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n mú wá láti Ìsàlẹ̀-Odò ní ọdún tó kọjá, tí kò fojú kan Ládépò rí láyé. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Aṣọ ìrántí ni ìwé òfin pè é. Aṣọ òkú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Fọ́nrán tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀, tó ti gba ìṣe òkú náà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ẹni tó bá wọ̀ ọ́, á sì máa fi ẹsẹ̀ alààyè sá eré òkú. Wọ́n ní ní Líìgì Kìíní, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń fi òkú mọ́kọ̀ọ̀kànlá gbá bọ́ọ̀lù. Líìgì Kejì kò tíì ya wèrè tó bẹ́ẹ̀: òkú kan nínú eré kan, kí òkú náà sì jẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Fífọwọ́ sí i yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán yìí, Ìbídùnní ti lọ síwájú tábìlì kọmíṣọ́nà eré, ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo dúdú tó wà níbẹ̀, àwo náà ti gbóná lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aṣọ sì ti jí.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí Àràbà bá gbá bọ́ọ̀lù nílé. Òun ló ń fọ aṣọ náà, ọwọ́ ló sì fi ń fọ̀ ọ́, kò gbà kí ẹ̀rọ kankan sún mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní obìnrin tó ń bá òkú ṣe àdéhùn lọ́sẹ̀ méjì-méjì kò lè gbádùn alààyè. Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ kò tilẹ̀ wá sí pápá rí. Màmá ní òun ti sin ọmọ òun, òun ò ní wá jókòó wo àwọn tó hú u jáde. Ìbídùnní gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àádọ́rin ìṣẹ́jú ni, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí àbúrò rẹ̀ ń sáré níwájú rẹ̀. Ta ni yóò fi ìyẹn sílẹ̀?

Nínú yàrá ìmúra, Kóòṣì Gbọ́lágadé ti ń fi ọwọ́ lu pátákó. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ló ga. Ó ń rán wọn létí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbàgbé: ẹgbẹ́ méjìdínlógún ló bẹ̀rẹ̀ ọdún ní Ìsọ̀rí Gúúsù, wọ́n ti bá ara wọn gbá a nílé lóko, eré kẹrìnlélọ́gbọ̀n, èyí tó kẹ́yìn, nìyí. Mẹ́ta ni yóò já, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò gòkè. Ẹkùn Òsà, tí wọ́n jọ ń gbá a lónìí, ní àmì mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àràbà ní ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Góòlù kan sí kan tí wọ́n wà yìí, Òsà ló ń gbé gòkè. Ọ̀mì ò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí. Kóòṣì ní ọgbọ́n kan náà ló kù: kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún Oyèníran, kí wọ́n sì kúrò lọ́nà fún un. Aṣọ náà ló ṣáà gbá góòlù tiwọn wọlé ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, láti igun tí Ládépò fẹ́ràn.

Oyèníran kò jókòó ti àwọn yòókù. Ó rìn wá sí kọ̀rọ̀ tí Ìbídùnní ń kó aṣọ tó ti rin sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní kó bá òun tún okùn bàtà so. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọmọkùnrin náà rọra sọ̀rọ̀ sí i lórí.

"Àǹtí, àyà ń fún mi."

Ìbídùnní kò gbórí sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Á ti tó ogún ìṣẹ́jú. Kò dùn mí o, ó kàn ń fún mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Kóòṣì."

Okùn bàtà bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùnní. Kọ̀rọ̀ yìí náà ni. Ògiri yìí náà ni, kí wọ́n tó tún un kùn. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Àràbà ń wá àmì kan péré kí wọ́n má baà já sí Líìgì Kẹta, Ládépò fẹ̀yìn ti ibẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà ń fún mi díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́." Ìbídùnní kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó fi aṣọ ìnura nu ọrùn rẹ̀, ó ní kó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin, Ládépò gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó ré ọkùnrin méjì kọjá, ó wá ku òun àti aṣọ́lé. Ó sì ṣubú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Eré parí ní òdo sí òdo, Àràbà rí àmì kan tí wọ́n ń wá, ìlú ò já. Àwọn tó wá bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màmá wò wọ́n títí, ó bi wọ́n pé agbè ta ni.

Ìbídùnní kò jẹ́wọ́ fún Màmá pé Ládépò ti wí fún òun. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn àgbà ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó mẹ́nu náà ti pa èèyàn rí, òun ò sì tíì gbọ́ òwe tó bá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ wí.

Ó ní kí Oyèníran má padà sórí pápá. Ọmọkùnrin náà ní bí òun bá jáde lónìí, wọn á ní ẹ̀rù ló bà òun, Ìsàlẹ̀-Odò ni òun sì ń padà sí lọ́la. Ó na ọrùn ọwọ́ sí i kó wo ìdè tí Líìgì so mọ́ gbogbo agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Iná rẹ̀ dúdú bí ewé: ara le. Ìbídùnní mọ ohun tí iná náà ń wí. Ìdè yẹn kì í bá awọ ara sọ̀rọ̀ bí agbábọ́ọ̀lù bá wọ aṣọ òkú. Aṣọ ló máa ń bi, aṣọ a sì fi àyà òkú tó ni ín dáhùn, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jù lọ. Gbogbo olùtọ́jú aṣọ ní Líìgì Kejì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ ń wí lọ́wọ́ Oyèníran ni pé kò sí ohun tó ṣe àyà Ládépò.

"Ṣebí ẹ máa ń yọ mí tó bá ti di àádọ́rin ìṣẹ́jú," ni Oyèníran wí. "Ó ku márùndínlọ́gbọ̀n péré. Mo lè fara dà á. Àǹtí, mi ò gbá irú bọ́ọ̀lù báyìí rí. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan gbé mi dání."

Àṣà Àràbà nìyẹn, kì í ṣe òfin Líìgì. Àwọn ìlú tó kù, orí ibùsùn ni òkú wọn kú sí. Òkè-Àràbà nìkan ló ní òkú tó ṣubú lórí pápá, nínú aṣọ tí wọ́n ń lò yìí gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ jí i, wọn ò jẹ́ kó kọjá àádọ́rin ìṣẹ́jú rí. Bó bá ti kù díẹ̀, Kóòṣì á pààrọ̀ nọ́ńbà kẹsàn-án, gbogbo èrò á dìde, wọn á dúró láìsọ̀rọ̀ títí aago á fi kọjá ìṣẹ́jú yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà lẹ́yìn ibẹ̀. Àwọn kan ní òfìfo ni. Àwọn kan ní ìṣubú ni. Ìbídùnní ní èrò tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ síta rí: ó gbà pé góòlù ni. Ó gbà pé ẹsẹ̀ yẹn mọ ibi tó ń lọ, àyà ló já a kulẹ̀.

Ó so okùn bàtà náà. "Àádọ́rin," ló wí. "Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé e."

Bí Oyèníran ṣe ń lọ, Ìbídùnní mọ̀ pé òun tún ti ṣe é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo aago ju bó ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ.

Ìdajì kejì kò bá wọn rẹ́. Òfin fún ẹgbẹ́ láyè àtipààrọ̀ èèyàn márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni eré lè dúró fún un. Kóòṣì ti lo ọ̀kan nígbà tí ìka aṣọ́lé yẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́. Ó lo èkejì ní ìṣẹ́jú kẹtàléláàádọ́ta. Ó fi ẹ̀kẹta pamọ́ fún àádọ́rin, bí ìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, ẹni tó ń dí ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fi ẹsẹ̀ kọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, kò lè dìde. Ẹgbẹ́ lè fi mẹ́wàá gbá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí àṣà lè dúró, tàbí kí nọ́ńbà kẹsàn-án jáde pẹ̀lú rẹ̀ báyìí. Kóòṣì gbé ọwọ́ sókè, ó rán ẹlòmíràn wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta pé.

Ìbídùnní wò ó. Kóòṣì ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Kò gbàgbé, ó kàn ń retí pé kí gbogbo èèyàn tó kù gbàgbé ni.

Ó dìde, ó bá a lórí ìlà. Ó sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, pé ọmọ yẹn ti ní àyà ń fún òun láti ìdajì àkọ́kọ́. Kóòṣì tọ́ka sí pátákó tó wà lẹ́bàá ìlà, níbi tí iná mọ́kànlá ti ń tàn, tí kò sí pupa kankan nínú wọn.

"Ẹ mọ ohun tí iná yẹn ń wò," ni Ìbídùnní wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò sọ." Ohùn rẹ̀ kò ga báyìí. "Ìyá Aláṣọ, mélòó ló kù? Ìlú yìí ò ní dókítà. Aboyún méjì la pàdánù lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tí ọkọ̀ sì ń kọjá lára wa. Ẹ jẹ́ kó sá a tán. Àbí ẹ̀yin gan-an ò fẹ́ kí Ládépò parí eré rẹ̀ ni?"

Ìbídùnní yíjú sí nọ́ńbà kẹsàn-án. Ó fẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń dùbúlẹ̀ tí ó ń bá eré yẹn lọ lójú ara rẹ̀, tó ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá aṣọ́lé, tí àwọ̀n ń mì, tí Ládépò ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ya apá méjèèjì gbàgbàà. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, tó dákẹ́, nǹkan yẹn yóò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ìlú yóò gòkè. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Dídákẹ́ sì rèé, ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Tábìlì kọmíṣọ́nà eré wà lábẹ́ òrùlé kékeré láàárín bẹ́ǹṣì méjèèjì. Alájà Sàlámọ̀tù ló jókòó síbẹ̀, arúgbó obìnrin tó ti ń ṣe kọmíṣọ́nà láti ìgbà tí alààyè nìkan ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń fò lórí pápá, tí àwọn èèyàn ń pè ní àṣá, ló ń bá a ríran, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi bírò kọ nǹkan sínú ìwé. Àwo dúdú náà wà níwájú rẹ̀. Aago ń lu ìṣẹ́jú kẹrìndínláàádọ́rin.

Ìbídùnní kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó ní kó dákun pe dókítà fún nọ́ńbà kẹsàn-án. Alájà wo iná, ó ní òfin ò fún òun lágbára láti dá ẹni tí iná rẹ̀ dúdú bí ewé dúró. Bí òun bá ṣe é, Àràbà lè pe òun lẹ́jọ́, wọn á sì jàre. Ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó wo Ìbídùnní dáadáa.

"Ọwọ́ yín ló ṣí i," ló wí. "Ọwọ́ yín náà ló lè tì í. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e?"

Ìbídùnní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Alájà ṣàlàyé fún un wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nígbà kan, àwọn ẹbí kan máa ń dúró di ìgbà tí eré bá ku díẹ̀ kí wọ́n tó halẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ pé bí wọn ò bá sanwó, àwọn máa ti òkú àwọn. Líìgì wá fòpin sí i. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá tì lórí pápá, jíjáde ló ń jáde, wọn ò ní fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Aṣọ náà kò sì ní ṣí mọ́.

"Títí láé?"

"Títí láé, ọmọ mi. Fọ́nrán inú rẹ̀ á jóná. Ó di jẹ́sì lásán nìyẹn."

Àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n ní àràbà á wó, àràbà ò wó mọ́, ojú tìrókò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń kọ ọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Nígbà tí aago lu àádọ́rin, wọ́n dìde bí ìṣe, orin sì dá. Ojú wọn ń wá nọ́ńbà kẹsàn-án lórí ìlà, kí wọ́n lè bu ọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n wá rí i pé àárín pápá ló ṣì wà. Kò sẹ́ni tó jókòó padà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Etí Ìbídùnní ń gbọ́ bí àwọn àṣá ṣe ń kùn lókè.

Ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin wọlé. Bọ́ọ̀lù sì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti dé ẹsẹ̀ Ládépò gan-an, tàbí kó jẹ́ pé aṣọ náà ló rìn lọ dúró dè é níbẹ̀. Ó yí padà. Ó ré ọkùnrin àkọ́kọ́ kọjá. Ó fi ejìká tan èkejì, ìyẹn lọ sápá ọ̀tún, òun lọ sápá òsì. Ó ku òun àti aṣọ́lé. Ìbídùnní gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀.

Nígbà náà ni Oyèníran gbé ọwọ́ òsì, ó fi di àyà mú bó ṣe ń sáré.

Ìbídùnní mọ gbogbo ohun tí Ládépò máa ń ṣe. Ó mọ bó ṣe ń fa ṣòkòtò, bó ṣe ń tutọ́, etí tó ń họ. Ó wo ìṣubú yẹn lójú ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ládépò kò di àyà mú. Apá méjèèjì ló nà síwájú nígbà tó ń lọ sílẹ̀. Ọwọ́ tó wà láyà yìí kò sí nínú aṣọ. Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni, òun nìkan ló sì ń ké.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo.

Àwo náà gbóná, ó tutù. Lórí pápá, ẹsẹ̀ nọ́ńbà kẹsàn-án ṣe gọ́gọ́ bí ẹni tó jí lójú oorun tí kò mọ yàrá tó wà. Bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀. Aṣọ́lé Òsà jáde wá, ó tẹ̀ ba, ó gbé e, bí ẹní gbé ẹyin adìyẹ. Oyèníran dúró. Kò ṣubú. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo aṣọ ọrùn rẹ̀ níbi tí iná ti kú, ó wá yíjú sí tábìlì kọmíṣọ́nà, gbogbo pápá sì bá a yíjú síbẹ̀. Ìbídùnní ṣì kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àwo tó ti tutù.

Alájà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó rọra ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ṣùgbọ́n òun nìkan ló wí bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn.

Àràbà fi mẹ́wàá gbá ìyókù. Wọ́n gbìyànjú, kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún mọ́. Eré parí ní góòlù kan sí kan. Òsà gòkè. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń yí gbirigbiri lórí koríko, àwọn ará Òkè-Àràbà sì ń bọ́ sílẹ̀ lórí àga wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùnní. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń kọjá ni. Obìnrin kan tó ń ta omi lẹ́nu géètì, tí àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn aboyún tó kú lẹ́ẹ̀rùn, dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ bi í ní nǹkan, ó wá bá tirẹ̀ lọ. Kóòṣì Gbọ́lágadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹgbẹ́ Òsà mú dókítà tiwọn wá, èèyàn ẹlẹ́ran ara, nítorí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ara wọn lé iná lọ́wọ́ nìkan. Alájà bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ Oyèníran wò. Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní kó mí sínú, kó mí síta, ó tún gbọ́ ọ. Kò rí nǹkan kan. Ó ní ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ àyà tó ń já, ó lè jẹ́ bí aṣọ yẹn ṣe le mọ́ ọn lára ni. Ìbídùnní bi í bóyá ó lè ṣubú ká ní wọ́n jẹ́ kó bá a lọ. Dókítà náà jẹ́ olóòótọ́ èèyàn: ó ní òun ò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́.

Ìbídùnní gbé aṣọ náà lọ sí yàrá ìfọṣọ, ó rì í bọ omi tútù. Eérú jáde lára rẹ̀. Fọ́nrán tó ti jóná ń yọ́ sínú omi, omi ń dúdú, ó da ọ̀kan nù, ó pọn òmíràn, ìyẹn náà dúdú. Nígbà tí omi mọ́ tán, jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà kẹsàn-án lẹ́yìn, tó fẹ́lẹ́ lápá. Ó gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́. Ó wá sunkún Ládépò nígbà náà bí kò ṣe sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sin, nítorí lọ́jọ́ yẹn ó ti mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú aṣọ rẹ̀.

Oyèníran bá a níbẹ̀. Kò kanlẹ̀kùn. Ó ti wọ aṣọ ilé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ló wí. "Mo bẹ̀ yín. Mo ní ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti aṣọ́lé ló kù, Àǹtí. Èmi àtaṣọ́lé nìkan. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe mí."

Ìbídùnní ní òun gbọ́ ohun tí dókítà wí.

"Ẹ gbọ́? Ẹ wá dákẹ́? Ẹ̀yin lẹ pa mí láyé yìí. Ẹ ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbá ohun tí àbúrò yín ò lè gbá. Ìkà ni yín. Gbogbo ìlú yìí á máa tọ́ka sí mi títí mo fi máa darúgbó, wọn á ní èmi ni ọmọ tí òkú dá dúró lẹ́nu ọ̀nà góòlù."

Ó ń bá a lọ. Ó pè é ní àjẹ́, ó pè é ní ọ̀tá ìlú, ó bọ́ sínú èdè Ìsàlẹ̀-Odò tí Ìbídùnní kò gbọ́ dáadáa, ó ń na ìka sí i lójú. Ìbídùnní ń wo ìka náà. Ó ń wo ọrùn rẹ̀ níbi tí iṣan ti ń lù, àti imú rẹ̀ bó ṣe ń fẹ́ tó ń rọ̀. Kò fa ṣòkòtò. Kò họ etí. Kò sí ìṣe kankan lára rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń retí kí ẹnì kan bú òun, kí wọ́n bi òun pé èéṣe tó fi dákẹ́, kò sì sí ẹni tó bú u, nítorí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ti kú. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí ń bú u nítorí pé kò dákẹ́, ó sì ń fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ bú u.

Nígbà tí Oyèníran dúró láti mí, Ìbídùnní fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kó jókòó, kó sì máa bú òun lọ.